Orúkọ Crowther: Bó Ṣe Ti Yorkshire Dé Ara Ọmọ Òṣoògùn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò. Àwọn tí ò ráyè wá sí ìpàdé wa ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Sátidé ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ sílẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni màá ṣe kọ ọ́, tí mo bá yà bàrá níbì kan ẹ bá mi fara dà á, ọ̀rọ̀ orúkọ kì í lọ tààrà.

Orúkọ tí mo mú wá ni Crowther. Kò sẹ́ni tó ń gbé Ọ̀yọ́ tí ò mọ̀ ọ́n. Yunifásítì Ajayi Crowther nìyẹn, tí ìjọ Áńgílíkà dá sílẹ̀ ní 2005 sórí ilẹ̀ tí St. Andrew's College ti wà láti 1896. Ọlọ́kadà ń pè é, àwọn tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì ń pè é, kálukú pẹ̀lú bó ṣe rọrùn fún ẹnu ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yí ìlú yìí ká, ká ti Àkẹ̀sán bẹ̀rẹ̀, ká máa ti agboolé kan bọ́ sí òmíì, ká máa bèèrè ilé tí wọ́n ti ń jẹ́ Crowther bíi sọ́nèèmù. Àyàntúndé, ẹ máa rí i. Ọ̀jẹ̀dìran, ẹ máa rí i. Ọdẹ́wálé, ẹ máa rí i títí á fi sú yín. Crowther, ẹsẹ̀ á ro yín kí ẹ tó rí ẹyọ kan. Orúkọ tó gbajúmọ̀ tó báyìí, tí gbogbo ọmọ iléèwé mọ̀, àwọn tó ń jẹ́ ẹ láàárín wa ò tó nǹkan. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ní ká tọ ipasẹ̀ ẹ̀ wò.

Ibi tí wọ́n pọ̀ sí ni apá òkè Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, agbègbè kan tí wọ́n ń pè ní West Riding ní Yorkshire. Huddersfield, Halifax, àtàwọn ìlú kéékèèké tó wà ní àfonífojì odò Colne. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ka èèyàn ní 1881, ibẹ̀ ni Crowther ti kún jù, wọ́n sì tàn dé Lancashire tó wà lódì kejì òkè, àwọn yòókù fọ́n káàkiri díẹ̀díẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló bí orúkọ ọ̀ún. Àwọn ará Wales ní ohun èlò orin kan tí wọ́n ń pè ní crwth, okùn 6 ló ní, ọrun kékeré ni wọ́n fi máa ń fà á bí àwọn onígòjé ṣe ń ṣe. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n pè é ní crowd, ẹni tó bá ń ta á kiri òde, òun ni wọ́n ń pè ní Crowder tàbí Crowther. Ìyẹn ni pé àwọn Àyàn ti Yorkshire nìyẹn o! Nígbà tí mo sọ èyí gbọ̀ngàn dàrú fún ẹ̀rín, bàbá onílù kan tó jókòó níwájú ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n wá kí òun, torí àbúrò òun ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn ò rí bíi ti ilé Àyàn pátápátá. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n bá bí sílé onílù, orúkọ yẹn ń so ó mọ́ ìlù àti mọ́ àwọn ará ilé ẹ̀, bó bá tiẹ̀ di lọ́yà l'Ékòó, tí wọ́n bá ti pe Àyàn mọ́ ọn lórúkọ, gbogbo ayé mọ ilé tó ti jáde. Tiwọn yára já kúrò lára iṣẹ́. Láàárín nǹkan bí 1200 sí 1400 ni orúkọ ìdílé ń rọ̀ mọ́ àwọn èèyàn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá ń ta crowd, ọmọ ń da àgùntàn, síbẹ̀ akọ̀wé ń kọ Crowther mọ́ ọmọ náà lára. Ní 1379 ọba wọn gba owó orí, ìwé owó orí ti West Riding sì wà lára èyí tó kù sílẹ̀ dáadáa jù, ohun tó jẹ́ káwọn onímọ̀ orúkọ fẹ́ràn agbègbè yẹn nìyẹn, wọ́n lè máa ka èèyàn ní abúlé dé abúlé. Ní 1538 wọ́n tún wá pàṣẹ pé kí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sínú ìwé. Àtìgbà yẹn, kí orúkọ tó yí padà ó di iṣẹ́ ńlá. Ohun tó ń jẹ́ kórúkọ ìdílé le gbagidi kò ju kí ẹnì kan máa kọ ọ́ sílẹ̀ lọ, ẹni tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹni tó fẹ́ gbowó lọ́wọ́ èèyàn tàbí ẹni tó fẹ́ rì í bọmi.

Àwọn ará àfonífojì yẹn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣí kúrò níbẹ̀. Ilẹ̀ wọn le, òtútù mú, oko nìkan ò lè bọ́ wọn, ni wọ́n bá ń fi irun àgùntàn hun aṣọ nínú ilé, nígbà tó yá aṣọ híhun di fáktírì. Ní ìlú Marsden, fáktírì Bank Bottom tó wà lára èyí tó tóbi jù nígbà kan nínú iṣẹ́ aṣọ onírun àgùntàn ní Yorkshire, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ John Edward Crowther ló ni ín nígbà náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ahunṣọ náà ni bàbá Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn tó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Kò sóhun tó pa wọ́n pọ̀ o, àmọ́ mo rí i, mo ní kí n sọ ọ́.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ìwádìí kan jáde ní 2000 tó wúlò fún ọ̀rọ̀ wa. Onímọ̀ kan ní Oxford tó ń jẹ́ Bryan Sykes kọ lẹ́tà sáwọn ọkùnrin tó ń jẹ́ Sykes bíi tiẹ̀, tí òun náà jẹ́ orúkọ West Riding, ó ní kí wọ́n jẹ́ káwọn yẹ DNA wọn wò, apá ibi tí bàbá ń gbé fún ọmọkùnrin nìkan. Ó sún mọ́ ìdajì nínú wọn tí tiwọn bára mu. Wọ́n ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ baba kan ṣoṣo ni gbogbo Sykes ti ṣẹ̀ wá. Àtìgbà yẹn ni àwọn èèyàn ti ń rò pé orúkọ ìdílé àti ẹ̀jẹ̀ jọ ń rìn ni, pé bí o bá mọ ibi tórúkọ ti wá, o ti mọ ibi tí èèyàn ti wá. Ẹ jẹ́ ká gbé èrò yẹn wá sí Òṣoògùn.

Òṣoògùn ò jìnnà sí wa, apá Ìsẹ́yìn níbẹ̀. Ní 1821 àwọn Fúlàní àtàwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ tó darapọ̀ mọ́ wọn kó ìlú náà. Ọmọdé ṣì ni Àjàyí, wọ́n mú òun àti ìyá ẹ̀ àtàwọn àbúrò ẹ̀, wọ́n so wọ́n lókùn lọ sí Ìsẹ́yìn. Òun fúnra ẹ̀ kọ ìtàn náà sínú lẹ́tà ní 1837. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹṣin. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn gan-an ni wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Lẹ́yìn oṣù méjì ẹni tó gba ẹṣin ní ẹṣin náà ò tẹ́ òun lọ́rùn, ó dá a padà, ni wọ́n bá dá Àjàyí náà padà fún olówó ẹ̀. Ẹ ro ìyẹn wò. Wọ́n tún tà á, wọ́n tún un tà, láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí tó fi dé Èkó lọ́wọ́ àwọn Potogí, tí wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ẹrú kan tó ń jẹ́ Esperanza Felix. Ní ọjọ́ 7 oṣù April 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon, dá ọkọ̀ yẹn dúró, wọ́n kó àwọn ẹrú inú ẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró (Sierra Leone).

Ní Freetown wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ gbogbo ẹni tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ sí: orúkọ tó mú wá láti ilé, ọjọ́ orí tí wọ́n rò pé ó jẹ́, bó ṣe ga tó, ilà ojú ẹ̀. Orúkọ ilé ṣì ni o. Orúkọ Òyìnbó, ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì ni wọ́n ti ń gbà á. CMS (Church Missionary Society), ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ètò kan nígbà yẹn: ẹni tó bá wà nílé l'Óyìnbó tó ń san £5 lọ́dún fún ìtọ́jú ọmọ kan, ó lè sọ ọmọ náà ní orúkọ tó bá wù ú, títí kan orúkọ tara ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní inú rere ni, inú rere wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ orúkọ tí wọ́n ń san owó fún lọ́dọọdún, èmi ò mọ bí n ó ṣe gbóríyìn fún un tán.

Ní ọjọ́ 11 oṣù December 1825, Rẹ́fẹ́rẹ́ǹdì John Raban ri Àjàyí bọmi. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Samuel Crowther. Ẹni tó ni orúkọ yẹn tẹ́lẹ̀ ni àlùfáà ìjọ Christ Church ní Newgate ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan lára ìgbìmọ̀ CMS. Orúkọ kan tó jẹ́ ti àwọn olórin Yorkshire, ó gba Lọ́ńdọ̀nù, ó gba orí òkun, ó wá sọ̀ sórí ọmọ ahunṣọ kan láti Òṣoògùn. Àjàyí ò fi orúkọ tiẹ̀ sílẹ̀ ṣá. Wọ́n ń kọ ọ́ ní Adjai nígbà yẹn, ó wà láàárín méjèèjì, Samuel níwájú, Crowther lẹ́yìn. Àjàyí nìkan ló sọ nǹkan nípa bí wọ́n ṣe bí i, ó dojú bolẹ̀ wáyé, àmútọ̀runwá ni. Méjì yòókù jẹ́ ti ẹlòmíì.

Ẹ wá wo ìdílé náà. Ìyàwó tó fẹ́ ní 1829, Asano, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà, Susan Thompson ni wọ́n sọ ọ́. Ìyá ẹ̀, Afala, òun ni Àjàyí tún fojú kàn ní Abẹ́òkúta ní 1846 lẹ́yìn ọdún 25, nígbà tí wọ́n sì rì í bọmi ní 1848 Hannah ni wọ́n sọ ọ́. Ìyá ò jẹ́ Crowther láéláé. Ìdílé kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà, ìyá ń jẹ́ Afala, ọmọ ń jẹ́ Crowther. Bí Sykes bá fi lẹ́tà ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn Crowther Èkó, DNA tó máa rí kò ní jọ ti Huddersfield rárá.

Ohun tí mo ń sọ nìyí o: orúkọ Crowther, máàpù méjì ló ní. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ní àfonífojì Colne, ó rìn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, ó sì tọ àwọn ọmọ ẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà. Èkejì bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé ìrìbọmi kan ní Freetown, ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti Òṣoògùn wá. Àwọn tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì wá orúkọ máa ń da méjèèjì pọ̀.

Èkejì yìí ni ká tẹ̀ lé. Láti Freetown, Àjàyí bá ìrìn àjò Odò Ọya ti 1841 lọ, ó di àlùfáà ní 1843, ó dé Abẹ́òkúta ní 1846, ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ adúláwọ̀, Èkó ló kú sí ní ọjọ́ tó kẹ́yìn 1891. Orúkọ náà ń tẹ̀ lé iṣẹ́ ẹ̀. Ọmọ ẹ̀ Josiah ṣòwò lórí Odò Ọya. Dandeson, tí wọ́n fi orúkọ Dandeson Coates tó jẹ́ akọ̀wé CMS sọ (ẹ ò rí nǹkan, àwọn náà ń bá a lọ), di Archdeacon (àlùfáà àgbà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù) ní agbègbè Delta, òun ló ṣáájú ìjọ tó dúró fúnra ẹ̀ ní 1892 tí wọ́n ń pè ní Niger Delta Pastorate. Ìdí nìyẹn tí orúkọ Crowther fi wọ ìtàn Bonny, ìlú kan ní Delta, jinlẹ̀ ju ìtàn ibi tí bàbá wọn ti wá lọ. Freetown, Èkó, Delta: etí omi ni gbogbo ẹ̀. Kò wọlé padà sí Òṣoògùn. Ẹni tó lọ nìkan ló gbà á.

Àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Ibí ni máàpù orúkọ ti ń ṣini lọ́nà jù. Abigail ọmọ Crowther fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ọ̀gá àkọ́kọ́ ní CMS Grammar School tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1859. Ọmọ wọn ni Herbert Macaulay, tí wọ́n bí ní 1864, gbogbo yín mọ ojú ẹ̀. Macaulay, orúkọ ará Scotland ni, àmọ́ ìtàn ìdílé wọn sọ pé bàbá Thomas, Òjó Oríaré, Ìkirun ló ti wá, ìyá ẹ̀ Kílàńgbé sì jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. (Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà níjókòó pàtẹ́wọ́ títí, mo ní kí wọ́n rọra.) Tí ẹnì kan bá ń wá Herbert Macaulay lórí máàpù orúkọ, Scotland ló máa balẹ̀ sí. Tó bá ń wá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, Òṣoògùn, Ìkirun, Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo ẹ̀ kò ju ìrìn mọ́tò ọjọ́ kan lọ láti ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀yọ́ yìí gan-an ní tiẹ̀. Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá, pásítọ̀ ni níbí, ní Ọ̀yọ́ ló ti parí iṣẹ́ náà ní 1897, àbúrò ẹ̀ Obadiah ló wá jẹ́ kó jáde ní 1921. Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni. Kí ẹ wá wo orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé tí gbogbo wa fi ń ṣe àríyànjiyàn ọba: Johnson.

Ìbéèrè tí mo retí pé wọ́n á bi mí, wọ́n sì bi mí: kí ló dé tí Johnson, Williams, Davies fi pọ̀ l'Ékòó tí Crowther ò fi pọ̀? Èkíní, àwọn orúkọ yẹn wọ́pọ̀ l'Óyìnbó, ọ̀pọ̀ èèyàn tí ò bára tan ni wọ́n sọ ní Williams ní Freetown, ìdílé kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Crowther ò wọ́pọ̀ l'Óyìnbó fúnra ẹ̀, àwọn tó gbà á ní Sàró náà ò pọ̀, ìdílé bíṣọ́ọ̀bù ló gbé e dúró níbí. Èkejì ni pé nígbà tí orúkọ Òyìnbó ì bá fi tàn wọ inú ilẹ̀ Yorùbá, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbógun tì í. James Johnson tí wọ́n ń pè ní Holy Johnson, òun ló ń tẹnu mọ́ ọn pé orúkọ Yorùbá ni kí wọ́n fi máa ri ọmọ Yorùbá bọmi (òun fúnra ẹ̀ kò yí tiẹ̀ padà o, ẹ̀rín ni). William Davies kan di Orishatukeh Faduma ní 1887. David Brown Vincent, oníṣọ́ọ̀ṣì Bàptíìsì, di Mojola Agbebi ní 1894. Nítorí náà nígbà tí ìrìbọmi wá pọ̀ gan-an níbi, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìsẹ́yìn, àwọn èèyàn ti ń mú orúkọ bàbá wọn ṣe sọ́nèèmù. Inú mi dùn pé bẹ́ẹ̀ ló rí, mi ò ní parọ́.

Ìyá kan béèrè pé ṣé kí àwọn Crowther tó kù wá yí tiwọn padà ni. Mo ní rárá, èmi ò ní kí wọ́n yí i. Orúkọ tí bàbá ńlá èèyàn fi rìn fún ọdún 66, tó fi kọ gírámà, tó fi túmọ̀ Bíbélì, ó ti di tiẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n mọ oríkì orílẹ̀ wọn mọ́ ọn, torí oríkì lèyí tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn nílẹ̀ wa. Orúkọ ìwé wá lẹ́yìn. Bí wọ́n bá kí ẹ ní oríkì, tó o dáhùn, a ti mọ ọmọ ẹni tó o jẹ́, ì báà jẹ́ McDonald lò ń jẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti na fóònù ẹ̀ sókè. Ó ti lọ tẹ Crowther síbì kan, máàpù jáde, Yorkshire pupa fòò, ilẹ̀ Adúláwọ̀ ní àmì díẹ̀ ní Sàró àti Nàìjíríà, Òṣoògùn ò tiẹ̀ sí níbẹ̀. Ó ní ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa? Mo ní wọn ò parọ́, ibi tí orúkọ wà ni wọ́n fi hàn ẹ́, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ibi tí ọmọ ti wá. Mo ní kó fi ìka sún un sókè díẹ̀ kó wo Ìsẹ́yìn. Ó ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa.

Bàbá kan tí ìdílé ìyá ẹ̀ ní orúkọ Sàró kan tí ò wọ́pọ̀ (mi ò ní dárúkọ ẹ̀) ló béèrè èyí tó kẹ́yìn: níbo lòun ti lè bẹ̀rẹ̀? Mo ní kó kọ́kọ́ kọ gbogbo ohun tí àwọn àgbà ilé ń sọ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbàgbé, oríkì, èèwọ̀, orúkọ ìlú, orúkọ ìyá tó bí ìyá, torí obìnrin ni ìwé máa ń sọ nù. Lẹ́yìn ẹ̀ kó bá pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n jẹ́ kó wo ìwé ìrìbọmi. Àwọn ìwé CMS ti ilẹ̀ Yorùbá wà ní National Archives tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí wọ́n kó lọ s'Óyìnbó wà ní yunifásítì Birmingham. Kó mú ìwé ìdánimọ̀ dání tó bá ń lọ sí Ìbàdàn, kó sì tètè kúrò nílé, kó lè ráyè jókòó kà á dáadáa kí ilẹ̀ tó ṣú.